Ìyá Ẹlẹ́yin Tó Ń Fi Iná Wo Inú Ẹran

Yàrá ìyá ìyá mi kò ní fèrèsé. Fèrèsé wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà o, bó ṣe wà nínú ilé gbogbo ènìyàn ní Pápá Àjàó nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti igi iṣin. Ìyá Àgbà fúnra wọn ni wọ́n po amọ̀, tí wọ́n fi dí i pa. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé ojú ló ń dun onílé. Kò sí ohun tó ṣe ojú wọn. Òkùnkùn ni wọ́n ń fẹ́, ní ọ̀sán gangan, torí òkùnkùn ni wọ́n fi ń ríran.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má tún un ṣe: òkùnkùn ni wọ́n fi ń ríran. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí.

Ràbíátù ni orúkọ wọn. Ìyá Ẹlẹ́yin ni gbogbo Muṣin ń pè wọ́n, torí ẹyin adìẹ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á lọ ra ẹyin jọ lọ́wọ́ àwọn ará oko, wọ́n á rù ú lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta fún àwọn Sàró àti àwọn òyìnbó rélùwéè. Òyìnbó kì í dárí ji ẹyin. Bí ó bá fọ́ ẹyin sínú abọ́ tó bá ọmọ adìẹ níbẹ̀, o ò tún rí i mọ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí Ìyá Àgbà fi ń gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan síwájú iná nínú yàrá òkùnkùn yẹn. Èyí tó bá mọ́ kedere, wọ́n á ní, "Òfìfo." Èyí tí òjìji dúdú bá wà nínú rẹ̀, tó ń mira, wọ́n á ní, "Ọlọ́mọ." Òfìfo á lọ sínú agbọ̀n ọjà, ọlọ́mọ á padà sábẹ́ adìẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn sọ́kàn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká.

Iná tí mò ń wí kì í ṣe àtùpà elépo. Fìtílà kẹ̀kẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń so mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ láyé ìgbà yẹn. Òkúta kan wà tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀, omi á máa kán sí i lórí, á máa rùn bí ohun tó kú, iná funfun á sì yọ bí òṣùpá. Akọ̀wé rélùwéè kan tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ wọn ló fún wọn nígbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kán. Ìyá Àgbà kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé wọn. Àwọn ará àdúgbò á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, "Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ ti ní fìtílà, kẹ̀kẹ́ wá ńkọ́?"

Wọ́n á ní, "Ó ti lọ síwájú. Ẹ̀yin ni ẹ ò rí i."

Bí wọ́n ṣe kúrò lórí ẹyin tí wọ́n fi dórí ẹran, ilé tí wọ́n ti jáde ló fà á. Ọmọ olóòlà ni wọ́n. Bàbá wọn ló ń kọ ilà fún àwọn ọmọ, òun ló ń dá abẹ́ fún àwọn ọkùnrin kéékèèké láti Muṣin dé Ìwáyà. Nígbà tí bàbá yẹn kú, Sánúsí, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, ló jogún àpò abẹ. Òun ni a wá ń pè ní Bàbá Olóòlà. Obìnrin kì í jogún abẹ. Ṣùgbọ́n abẹ kan wà tó ti gbó, tí èèkù rẹ̀ ti là, tí olóògbé fi ń gé èékánná. Ìyẹn ni wọ́n jù sí Ìyá Àgbà bí ìgbà tí wọ́n bá ju egungun sí ajá. Ìyá Àgbà pọ́n ọn títí ó fi mú ju gbogbo èyí tó wà nínú àpò lọ.

Obìnrin ló ń sin ewúrẹ́, obìnrin ló ń sin adìẹ, obìnrin náà ló sì ń wá ra ẹyin. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á ní, "Ìyá Ẹlẹ́yin, ewúrẹ́ mi ní kókó kan ní ọ̀fun o." Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n mú un wá. Wọ́n á fá irun ibẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé fìtílà sẹ́yìn kókó náà bí ẹni pé ẹyin ni. Bí ó bá mọ́lẹ̀, omi ló wà níbẹ̀, wọ́n á tú u dànù. Bí ó bá dúdú, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó. Wọ́n lè jókòó títí ẹni tó ni ẹran á fi sùn lọ.

Ohun tó ń fa ìjà láàárín wọn àti Bàbá Olóòlà nìyẹn gan-an. Bàbá Olóòlà kì í fi nǹkan falẹ̀. Ọwọ́ wọn yá. Wọ́n á ti dá abẹ́ fún ọmọ tán kí ọmọ náà tó rántí pé ó yẹ kí òun sunkún. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á ní, "Ràbí, kí lò ń wò láti àárọ̀? Wọn kì í wo oówo, wọ́n ń tú u ni."

Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, kí ni wọ́n ní ó ń ṣe?"

"Ó ń wò ó."

"Bí ara aláìsàn náà bá yá ńkọ́?"

Bàbá Olóòlà á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, wọ́n á kọ̀, wọn ò ní dáhùn. Ìyá Àgbà á bá ara wọn dáhùn: "Wọ́n ní ó wò ó sàn. Wọn ò ní ó gé e sàn. Ẹni tí kò bá wò ó, kò lè wò ó sàn."

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Bí a bá fẹ́ ra ẹja, wọ́n á sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, wọ́n á sọ ọ́.

Wọ́n máa ń lọ sí Makoko lọ ra òwú tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n, òun ni wọ́n fi ń rán ẹran. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé pẹ́pẹ́yẹ obìnrin Ègùn kan tó gbé ìwọ̀ apẹja mì. Ọrùn rẹ̀ wú, kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́, ọkọ obìnrin náà sì ti mú ọ̀bẹ dání, ọbẹ̀ ló ń rò. Ìyá Àgbà ní kó ní sùúrù. Wọ́n tu ìyẹ́ ọrùn pẹ́pẹ́yẹ náà, wọ́n fi aṣọ bo orí ara wọn àti òun nínú ilé orí omi yẹn, wọ́n gbé fìtílà sẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ìyá mi wà pẹ̀lú wọn lábẹ́ aṣọ. Ìyá mi ní ọrùn náà pọ́n yòò bí ìbẹ́pẹ, ìwọ̀ sì hàn nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èédú yà á sára ògiri, àti ìdí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ tó gún mọ́ ẹran. Ká ní wọ́n fà á láti ẹnu ni, ọ̀fun á ti ya. Ìyá Àgbà la awọ níbi tí òjìji wà, kò ju èékánná lọ, wọ́n yọ ìwọ̀, wọ́n rán an.

Ọkọ obìnrin náà ní, "Ìyá, ẹ mà gba ọbẹ̀ lẹ́nu mi. Báwo lẹ ṣe mọ ibi tí ẹ máa gé?"

Ìyá Àgbà ní, "Iná kì í parọ́. Ojú ló máa ń kánjú."

Nígbà tí èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ, ikọ́ kan mú mi, wọ́n ya fọ́tò àyà mi ní ọsibítù. Dókítà gbé e síwájú iná, ó ń fi ìka tọ́ka sí egungun ìhà mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má fòyà, inú yín là ń wò yìí." Mo ní mi ò fòyà, wọ́n ti ń ṣe é nílé wa kí wọ́n tó bí mi. Dókítà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé àwàdà ni, mi ò sì bá a jiyàn.

Àwọn kan ní Ìyá Àgbà ń mutí. Òórùn ògógóró máa ń wà nílé wa lóòótọ́, ilé àwa tí à ń kírun. Wọ́n ń rà á láti Makoko nínú ìgò tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu, òun ni wọ́n fi ń fọ abẹ àti ọwọ́ wọn kí wọ́n tó gé ẹran. Alùfáà àdúgbò gbọ́, ó wá. Ó jókòó, imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà gbé ìgò náà síwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Alùfáà, ẹ bá abẹ wí. Abẹ ló ń mu ún."

Wọ́n ń bá ẹran sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o" fún ewúrẹ́, wọ́n á sì ní "dákẹ́ ariwo" fún ẹni tó ni ín. Ẹran tí wọ́n bá ti fọwọ́ tọ́jú, wọn kì í jẹ ẹ́ bí wọ́n bá pa á lẹ́yìn ọ̀la. Bí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹni tí mo ti kí, mi ò lè jẹ ẹ́."

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yè, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ewúrẹ́ obìnrin kan kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ há sí i nínú. Olówó ẹran ní kí wọ́n má dààmú, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá Àgbà ní, "Ọwọ́ mi ló kú sí. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í." Wọ́n tú ewúrẹ́ náà palẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀ títí oòrùn fi yí. Mo rò pé ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n tóbi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn ibẹ̀ kò ṣeé gbé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àgbò.

Bàbá Olóòlà ní àgbò kan tí wọ́n ń sìn fún Iléyá. Ṣọ́jà ni wọ́n sọ ọ́, torí ó máa ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń yan. Èèrí ọkà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ. Nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó parí, Ṣọ́jà bá àgbò aládùúgbò jà, ìyẹn sì fi ìwo kàn án nísàlẹ̀ ikùn. Nígbà tó yá, ibẹ̀ wú, ó rọ̀, ó sì tóbi bí orógbó ńlá, ó tún ń tóbi sí i. Bàbá Olóòlà tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní oówo ni. Wọ́n ti ki abẹ bọ iná láti tú u, mi ò mọ ohun tó dá wọn dúró. Wọ́n fẹ́ràn àgbò yẹn ni. Wọ́n fà á wá sílé wa.

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni mo wá o. Ṣọ́jà ló fà mí wá."

Ìyá Àgbà ní, "Ṣọ́jà, ẹ káàbọ̀. Ẹ ní kí ẹni tí ẹ mú wá jókòó síta."

Wọ́n mú àgbò wọ yàrá, wọ́n fá irun ibi tó wú, wọ́n tan fìtílà. Ìta la wà. Ìyá Mùínà, aládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀kọ, wá ra ẹyin, ó fi etí ti ilẹ̀kùn bí ìṣe rẹ̀. Ìgbà tó pẹ́, a gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà láti inú yàrá. Wọ́n ní, "Ọlọ́mọ ni."

Ohun tí wọ́n ń sọ yé àwa ará ilé. Wọ́n ń sọ pé ohun tó wà nínú wíwú yẹn dúdú, pé ó sì ń mira, bí ọmọ adìẹ ṣe ń mira nínú ẹyin. Wọ́n ní kì í ṣe omi, kì í ṣe ọyún, kí Bàbá Olóòlà mú un padà sílé, kí wọ́n má fi abẹ kàn án.

Ìyá Mùínà kò dúró gba ẹyin rẹ̀. Ó ti dé ìdí igi iṣin kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Kí ọjà tó tú, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Ìwáyà: àgbò Bàbá Olóòlà lóyún.

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á dúró lẹ́yìn ọgbà Bàbá Olóòlà, wọ́n á máa kí àgbò, "Ẹ kú ìkúnra o. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní." Obìnrin kan gbé ọṣẹ dúdú wá, ó ní ti ọmọ tuntun ni. Ní mọ́ṣáláṣí, bàbá arúgbó kan bi Bàbá Olóòlà níwájú gbogbo ènìyàn pé ọjọ́ wo ni ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn ọmọdé ti fi kọrin:

Àgbò Olóòlà lóyún o,
Ta ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀?
Ẹni tí kò mọ akọ mọ́ abo
Ló lábẹ lọ́wọ́ yìí.

Orin yẹn ló dá egbò sí Bàbá Olóòlà lára. Ìyàwó kan tó ti gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá fún ìdábẹ́ gbọ́ ọ, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kì í ṣe àfojúdi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi akọ ni o." Ẹlòmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Olóòlà tí wọ́n bá ti ń fi akọ àti abo rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn.

Bàbá Olóòlà wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ìtúnu. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Ràbí, gbé abẹ bàbá mi wá. Láti ọjọ́ tí o ti ń fi kan ẹran ni ìtìjú ti ń wá mi kiri. Tí mo bá kúrò níbí, mo máa lọ dúńbú àgbò yẹn, mo máa là á níwájú gbogbo wọn, kí wọ́n rí i pé kò sí ọmọ kankan níbẹ̀."

Ìyá Àgbà ń to ẹyin. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bí ẹ bá pa á, wọ́n á ní ẹ ti sin ọmọ náà sí kọ̀rọ̀ kí ẹ tó pè wọ́n."

Bàbá Olóòlà mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n mọ Ìyá Mùínà.

"Ẹ mú Ṣọ́jà wá lọ́la," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ má fún un lóúnjẹ lónìí. Ẹ pe gbogbo àwọn tó ń kọrin. Màá jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà níbẹ̀, màá sì dá a padà sí àyè rẹ̀ lójú wọn."

"Bó bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Ẹ gba abẹ. Ẹ gba fìtílà mọ́ ọn."

"O ò sì ní fọwọ́ kan ẹran ẹnikẹ́ni mọ́ ní Muṣin."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí ó bá yè ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

Bàbá Olóòlà ní, "Abẹ di tìrẹ. Mi ò ní bi ọ́ mọ́." Wọ́n jáde. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí kò sí ẹni tó rí kí wọ́n gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹran sì yè. Ìyá Àgbà ní kó lọ se òwú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wá, bí ẹni pé wọ́n ń dájọ́. Ìyá Àgbà mú Bàbá Olóòlà wọ yàrá, wọ́n ní kí Ìyá Mùínà náà wọlé, wọ́n sì fa èmi mọ́ra torí mo dì mọ́ ìró wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Iná funfun yẹn gba abẹ́ ikùn àgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?"

"Ó dúdú."

"Ẹ dúró díẹ̀."

A dúró. Èmi náà ń wò ó. Nínú pupa yẹn, nǹkan dúdú kan rọra yí bí ẹni tó ń yí ìhà padà lójú oorun.

Ìyá Mùínà ní, "Ẹ ò rí i? Ọmọ ni."

Bàbá Olóòlà tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ìka kàn án jẹ́jẹ́. Ọmọ olóòlà ni wọ́n, ara kò ṣàjèjì sí wọn. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ pátá. "Ìfun ni. Ìfun ló gba ojú ihò jáde sábẹ́ awọ." Wọ́n wo Ìyá Àgbà. "Mo ti ki abẹ bọ iná tán, Ràbí. Inú ìfun rẹ̀ ni mo fẹ́ tú."

Ìyá Àgbà ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá bá mi dì í mú."

Abẹ́ igi iṣin ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n dojú odó dé, wọ́n gbé ìdí Ṣọ́jà lé e kí ìfun lè máa wá síwájú, wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Olóòlà di orí rẹ̀ mú sáàárín orúnkún wọn, wọ́n ń pè é lórúkọ. Ìyá Àgbà da ògógóró sí abẹ, wọ́n dà á sọ́wọ́ wọn. Alùfáà wà níbẹ̀, ó wo ọ̀nà ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra ń ti wíwú náà wọlé, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá ń ti ẹsẹ̀ ọmọ padà sínú ọ̀já. Ó lọ. Ikùn tẹ́jú. Wọ́n fi ìka wá ihò tó gbà jáde, wọ́n la awọ lórí rẹ̀, wọ́n fi òwú àwọ̀n pa ẹnu ihò náà dé, wọ́n ta á ní kókó tí àwọn ará Makoko máa ń ta, wọ́n sì rán awọ padà lé e. Ṣọ́jà ké. Bàbá Olóòlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

Ìyá Mùínà nàgà láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ọmọ náà wá dà?"

Ìyá Àgbà kò gbé ojú kúrò lórí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ó ti padà sílé."

Ẹ̀rín tó bú jáde lábẹ́ igi yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Bàbá Olóòlà kò rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. Àgbò tí wọ́n rán kò tíì jẹ́ àgbò tó yè. Ó sùn sílẹ̀, kò jẹun, kò wo ẹnikẹ́ni. Bàbá Olóòlà ń wá láràárọ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó, àwọn tí kì í lè jókòó wo nǹkan tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà kò lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ẹyin ń bàjẹ́ nínú agbọ̀n. Mo rí wọn tí wọ́n ń nu abẹ yẹn lójoojúmọ́ láìgé nǹkankan, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀ bí ẹni ń dágbére.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣọ́jà dìde, ó gbọn ara, ó sì yàgbẹ́. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó: kóró dúdú wẹ́wẹ́, bó ṣe yẹ kó rí. Ọ̀nà inú rẹ̀ ti là. Wọ́n bù ú sórí ewé, wọ́n ní kí ìyá mi gbé e lọ fún Bàbá Olóòlà. Ìyá mi ní Bàbá Olóòlà ṣí ewé náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Alihamudulilahi," wọ́n sì tún ewé náà dì bí ẹni di obì.

Orin àwọn ọmọdé kú kí oṣù tó lé. Àwọn ìyá tún ń gbé ọmọ wọn bọ̀.

Ní Iléyá, a dé láti yídì, Bàbá Olóòlà sì dúńbú Ṣọ́jà. Wọ́n ti ń sanra títí, àti òun àti olówó rẹ̀. Ìyá Àgbà kò wá. Wọn kì í wo pípa ẹran tí wọ́n bá ti kí. Wọ́n bó awọ, wọ́n la ikùn. Lẹ́ẹ̀kan náà Bàbá Olóòlà ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pe Ìyá Ẹlẹ́yin, kí wọ́n pe alùfáà, kí wọ́n pe Ìyá Mùínà.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, Bàbá Olóòlà ṣí ikùn àgbò náà síta bí ẹni ṣí aṣọ hàn. Láti inú, ibi tí ojú kò lè dé nígbà tó wà láàyè, ìlà funfun kan wà, ó rẹ́ pọ̀, ó tẹ́jú, kókó òwú àwọ̀n tò lé e lórí, ara ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀. Kò sí ibi tó là. Kò sí ibi tó jẹrà.

"Ẹ wá wò ó," Bàbá Olóòlà ní. Wọ́n fa Ìyá Mùínà lọ́wọ́ síwájú. "Ìwọ gan-an, wò ó dáadáa." Wọ́n wá kọjú sí àwọn tó kù. "Ojú mi ló fọ́. Àbúrò mi ló wò ó. Àbúrò mi náà ló wò ó sàn."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ìlà náà títí.

Bàbá Olóòlà ki ọwọ́ bọ àpò abẹ, wọ́n yọ òkúta tí bàbá wọn fi ń pọ́n abẹ, òkúta dúdú tó ti jẹ láàárín bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n fi lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Abẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Abẹ tí kò ní òkúta, ọmọ òrukàn ni." Wọ́n tún ní kí wọ́n sá awọ Ṣọ́jà, kí wọ́n má tà á, ti Ìyá Ẹlẹ́yin ni.

Orí awọ yẹn ni Ìyá Àgbà ń kírun títí wọ́n fi lọ. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n jókòó sí lọ́sàn-án tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, tí a rò pé wọ́n ń ṣàṣàrò. Ẹyin kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òfìfo, kò fọ́. Bàbá Olóòlà fúnra wọn ló wá gbẹ́ amọ̀ kúrò lójú fèrèsé yàrá náà kí wọ́n tó wẹ òkú, wọ́n ní kí ìmọ́lẹ̀ wọlé wá wo àbúrò wọn náà.

Abẹ àti òkúta wà lọ́dọ̀ ọmọ ìyá mi ọkùnrin. Awọ wà lọ́dọ̀ mi. Irun rẹ̀ ti re tán, etí rẹ̀ ti ká, àwọn ọmọ mi ní kí n gba ẹní tuntun. Mo kọ̀ fún wọn. Lápá òsì, nísàlẹ̀, ìlà rírán náà ṣì wà níbẹ̀, ó le díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Kí n tó kírun, mo máa ń wá a kàn. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń wò ó.